Kéèkì inú ìkòkò àti ṣinṣín ọdún Kérésì nígbà ọyẹ́

Ẹ̀yin Èkìtì Kete, ẹ kú ìmúra ọdún o. Ọyẹ́ ti dé, ètè ti ń bó, gìgísẹ̀ ti ń là, ẹni tó bá jáde nídàájí l'Ádò láì wọ súwẹ́tà, eyín ẹ̀ á máa gbára wọn ni, àwọn ará Èkó àti Àbújá náà sì ti ń pè sílé pé àwọn ń bọ̀. Bọ́dún bá ti ń kanlẹ̀kùn báyìí, ohun kan náà làwọn èèyàn máa ń bi mí, ṣé èèyàn lè ṣe kéèkì nílé láìní ófúnnù. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ìkòkò ńlá kan, iyanrìn, èédú tàbí gáàsì, ó tán. Ófúnnù oníná mànàmáná gan-an, ta ló fẹ́ gbọ́kàn lé e lálẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá, kí iná wá lọ nígbà tí kéèkì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde.

Ohun tó ń ba kéèkì ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ lásìkò yìí kì í ṣe àìní ófúnnù, ọyẹ́ ni. Èèyàn á lo ìwọ̀n kan náà tó lò lóṣù Keje tó dùn bí nǹkan míì, lóṣù Kejìlá kéèkì ọ̀hún á gbẹ bíi gààrí tí wọn ò rómi fi mu, á wá máa sọ pé ẹni tó tà fùláwà fóun ló ta ayédèrú. Fùláwà ò ṣẹ̀ ẹ́ o. Afẹ́fẹ́ tó ń ti Sàhárà bọ̀ yìí gbẹ, ó sì máa ń fa omi lára gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ṣí sílẹ̀. Fùláwà inú àpò á gbẹ ju ti ìgbà òjò lọ, torí ẹ̀ ló ṣe máa ń mu omi sí i. Bọ́tà á dì gbagidi láàárọ̀. Ẹyin á tutù. Èédú á jó tán kíákíá torí atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ti mọ ìwọ̀nyí, tó sì ń tún un ṣe bó ṣe ń lọ, ọyẹ́ ò lè rí i gbéṣe.

Ọjà lẹ kọ́kọ́ máa rà, kẹ́ ẹ sì tètè rà á. Bó bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan sí Kérésì, owó ẹyin àti bọ́tà l'Ọ́jà Ọba máa ti fò sókè, Ìkẹ́rẹ́ ò yàtọ̀, Ìkọ̀lé ò yàtọ̀. Fùláwà, ṣúgà àti bọ́tà ò lè bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ rà wọ́n kalẹ̀, kẹ́ ẹ kó wọn sínú ike tó ní ọmọrí. Ẹ fi imú gbọ́ fùláwà kẹ́ ẹ tó sanwó, tó bá ń rùn bíńtín, ó ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹyin lẹ máa rà kẹ́yìn, bẹ́ ẹ bá sì gbé e délé ẹ jù ú sómi. Èyí tó bá sùn sílẹ̀ gbọrọ ṣì dáa, èyí tó bá nàró ti ń dàgbà, ẹ tètè lò ó, èyí tó bá léfòó kẹ́ ẹ sọ ọ́ nù jàre, torí ihò wínníwínní wà lára èèpo ẹyin, bó ṣe ń pẹ́ lomi inú ẹ̀ ń gbẹ, tí afẹ́fẹ́ ń gbapò ẹ̀. Ní ti bọ́tà, ẹ ka ara ẹ̀ dáadáa. Èyí tí wọ́n kọ spread sí lára, ti burẹ́dì fífi pa ni, omi pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ lè lù ú títí di ọdún tuntun kò ní funfun. Béékìn páúdà tó ti wà ní kọ́bọ́ọ̀dù látọdún tó kọjá ńkọ́? Ẹ bu ṣíbí tíì kan sínú omi gbígbóná, tó bá hó wàà, ó ṣì ń ṣiṣẹ́, tó bá kàn ń wò yín, ẹ lọ ra tuntun.

Ìwọ̀n. Ọ̀pọ̀ wa ni ò ní sikéèlì nílé, kò sì pọn dandan. Ẹ wá kọ́ọ̀pù kan tó jẹ́ pé omi píọ̀ wọ́tà kan á kún un lẹ́ẹ̀mejì gééré. Píọ̀ wọ́tà jẹ́ 50cl, torí náà kọ́ọ̀pù yẹn jẹ́ 250ml, òun náà sì ni kọ́ọ̀pù tí mò ń sọ láti ìsinsìnyí lọ títí tá a fi máa parí. Kéèkì kan tó máa wọ páànù fífẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 23 gba bọ́tà gíráàmù 250, ìyẹn sáṣẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń tà lọ́jà, ṣúgà kọ́ọ̀pù kan, ẹyin ńlá márùn-ún, fùláwà kọ́ọ̀pù méjì, béékìn páúdà ṣíbí tíì méjì, iyọ̀ díẹ̀ téèyàn fi ọmọ ìka méjì mú, nọ́tímẹ́gì tí wọ́n rin bí ìdajì ṣíbí tíì, mílíkì olómi ṣíbí ìjẹun mẹ́rin. Ọsàn kan náà, nítorí ọsàn ti pọ̀ lásìkò yìí, kò sí ibi téèyàn ń gbà l'Ékìtì tí kò ní rí ọsàn ra. Ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi gíréétà kékeré rin ara èèpo ẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ibi tó pọ́n nìkan o, bẹ́ ẹ bá ti dé ibi funfun ẹ dúró, ìkorò wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn èyí ju fìlébọ̀ inú ìgò lọ, òórùn ẹ̀ á gba gbogbo ilé. Ẹni tí kò fẹ́ràn adùn púpọ̀ lè dín ṣúgà kù sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kọ́ọ̀pù, ẹ má dín in jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣúgà ló ń jẹ́ kí kéèkì mú omi dání, pàápàá nígbà ọyẹ́.

Ó kan ìkòkò. Ẹ wá ìkòkò alumíní tó ti pẹ́ tàbí ìkòkò irin, èyí tó nípọn nísàlẹ̀, tó sì gba páànù kéèkì yín kí àyè tó tó ìka méjì ṣẹ́ kù yíká. Ẹ má lo ìkòkò nọ́nsítíìkì, bí wọ́n bá gbé e ka iná láìsí omi nínú ẹ̀, ohun tí wọ́n fi kùn ún lára á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, èéfín ẹ̀ ò sì dáa fún ẹnikẹ́ni. Iyanrìn tí àwọn bíríkìlà ń lò ló dáa jù, kì í ṣe ilẹ̀ pupa tó wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ á fi mọ́, ẹ yọ òkúta inú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá sá a sóòrùn kó gbẹ pátápátá. Èyí làwọn èèyàn máa ń fojú di. Iyanrìn tútù á máa rú ooru omi jáde, á wá máa kán láti ara ọmọrí sórí kéèkì. A dúpẹ́ pé ọyẹ́ wúlò níbí, iyanrìn tẹ́ ẹ bá sá láàárọ̀, ó ti gbẹ kó tó di ọ̀sán. Ẹ da á sísàlẹ̀ ìkòkò kó ga tó ìka méjì tí wọ́n tò léra wọn, ẹ gbé agolo sàdíìnì mẹ́ta tó ti ṣófo, tẹ́ ẹ ti fọ̀, tẹ́ ẹ sì ti bó bébà ara ẹ̀ kúrò, sórí iyanrìn náà, orí agolo yẹn ni páànù máa jókòó lé, kí ìsàlẹ̀ kéèkì má bàa kan iyanrìn tààrà. Ọmọrí gbọ́dọ̀ dé pa. Bó bá ń mì, ẹ fi òkúta kan tẹ̀ ẹ́ lórí.

Páànù náà ńkọ́, ẹ fi bọ́tà pa inú ẹ̀, ẹ bu fùláwà díẹ̀ wọ́n ọn, ẹ yí i po kó kan gbogbo ara ẹ̀, kẹ́ ẹ gbọn èyí tó ṣẹ́ kù dànù. Bẹ́ ẹ bá ní bébà kéèkì ẹ tẹ́ ẹ sísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe bébà ìròyìn, íǹkì á wọ kéèkì.

Ẹ gbé ìkòkò iyanrìn yẹn kaná báyìí, kó máa gbóná bẹ́ ẹ bá ṣe ń po kéèkì lọ, torí bí wọ́n bá ti po kéèkì tán kò yẹ kó dúró de iná. Béékìn páúdà ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí omi bá ti kàn án, bẹ́ ẹ bá gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan tẹ́ ẹ ń fẹ́ná, agbára ẹ̀ á ti dín kù.

Bọ́tà ọyẹ́, bí mo ṣe wí, á ti le. Àwọn kan máa ń gbé e kaná kó yọ́, ẹ má dán an wò. Nígbà tá a bá ń fi ṣúgà lu bọ́tà, afẹ́fẹ́ là ń lù wọ inú ẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn àti béékìn páúdà ló jọ ń gbé kéèkì dìde. Bọ́tà tó le ò lè gba afẹ́fẹ́, èyí tó ti di òróró náà ò lè dì í mú. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ sínú abọ́, ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́ tó tóbi jù ú lọ, kẹ́ ẹ gbé abọ́ bọ́tà lé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀, bẹ́ ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ tó tẹ̀ wọlé láì yọ́, ó tó. Ẹ da ṣúgà sí i, kẹ́ ẹ gbá ọmọrogùn mú. Ẹni tó ní mísà oníná kó lò ó, iṣẹ́ bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń gún iyán láti kékeré ò yẹ kó bẹ̀rù bọ́tà o. Ẹ jókòó sórí àpótí, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì há abọ́, kẹ́ ẹ máa lù ú sọ́nà kan náà. Ó máa ń tó bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ lè pín in láàárín ara yín. Àwọ̀ ẹ̀ á kúrò ní yẹ́lò, á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, á wú, ọwọ́ tó ń lù ú náà á mọ̀ pé ó ti fúyẹ́. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á tí ṣúgà ṣì ń họ ọwọ́ díẹ̀, kò burú, bó bá ń họ bíi tàkọ́kọ́, ẹ ò tíì ṣe tán.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu bọ́tà ló yẹ kẹ́ ẹ ti kó ẹyin sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú èèpo ẹ̀. Ẹyin tútù tó bá kan bọ́tà á mú kí bọ́tà dì padà, omi á yà sọ́tọ̀, ọ̀rá á yà sọ́tọ̀, á wá rí wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ẹ máa fọ́ ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ife kan ná kẹ́ ẹ tó dà á sí bọ́tà, nítorí ẹyin kan tó bá bàjẹ́ lè ba gbogbo owó yín jẹ́. Ẹ da ọ̀kan, ẹ lù ú títí á fi wọlé, ẹ tún da òmíràn. Bó bá fẹ́ yà lẹ́yìn ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀kẹrin, ẹ má fòyà, ẹ bu ṣíbí ìjẹun kan lára fùláwà sí i, á padà bọ̀ sípò.

Ẹ ti sẹ́ fùláwà, béékìn páúdà, iyọ̀ àti nọ́tímẹ́gì papọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́ ẹ da èèpo ọsàn tẹ́ ẹ rin mọ́ ọn. Ẹ dà á sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kẹ́ ẹ máa fi mílíkì sí i láàárín. Ibí yìí ni lílù parí o, rírọra pò ló kù, ẹ máa bu ú látìsàlẹ̀ wá sókè. Bẹ́ ẹ bá ṣì ń lù ú bíi ti bọ́tà, fùláwà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, kéèkì á le. Ẹ wá gbé ṣíbí sókè, ó yẹ kó já bọ́ fúnra ẹ̀ bẹ́ ẹ bá ti ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bó bá lẹ̀ mọ́ ṣíbí tó ń wò yín, ọyẹ́ ló mu omi ẹ̀, ẹ fi mílíkì ṣíbí kan kún un, bóyá méjì. Èyí ni ìyàtọ̀ láàárín kéèkì oṣù Keje àti ti oṣù Kejìlá, ṣíbí kan tàbí méjì péré. Ẹ da á sí páànù, kó má kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta, torí ó máa wú.

Iná wàyí, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Iyanrìn á ti gbóná fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ó ti tó, ẹ wọ́n fùláwà díẹ̀ sórí ọmọrí agolo kan, kẹ́ ẹ gbé e sínú ìkòkò, kẹ́ ẹ dé e. Bẹ́ ẹ bá ṣí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tó ti ń pọ́n, iná dáa. Tó bá ti dúdú, iná ti pọ̀ jù, ẹ yọ èédú díẹ̀. Tó bá ṣì funfun, ẹ ní sùúrù. Ẹni tó ń lo gáàsì, ẹ dín in kù sí ìsàlẹ̀ gan-an bẹ́ ẹ bá ti gbé kéèkì wọlé, iyanrìn ti gba ooru pamọ́, kò fẹ́ iná ńlá mọ́. Ẹni tó ń lo èédú, ẹ má kó o jọ sáàárín, ẹ tẹ́ ẹ yíká, kí àárín ìsàlẹ̀ kéèkì má bàa jó kí ẹ̀gbẹ́ tó jinná. Ibi tí atẹ́gùn ò ti ní fẹ́ sí i ni kẹ́ ẹ gbé ìkòkò èédú sí, ẹ̀yìn ògiri, tàbí kẹ́ ẹ fi páànù kan dí ẹ̀gbẹ́ tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ ẹ, iná á kọ́kọ́ le ju bó ṣe yẹ lọ, lẹ́yìn náà á kú lójijì nígbà tí kéèkì ò tíì jinná.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí kó tó pẹ́ jù. Ìta lèédú ń gbé. Mo mọ̀ pé òtútù máa ń mú, àwọn kan sì máa ń gbé ìkòkò èédú wọ yàrá lálẹ́ kí ilé lè móoru, wọ́n á tún ti fèrèsé. Èédú ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide jáde, kò lóòórùn, kò láwọ̀, ó ń pa odindi ìdílé sójú oorun. Bákan náà, koríko ti gbẹ, ẹ̀ta iná kan ti tó láti jó oko olóko lásìkò yìí, torí náà kẹ́ ẹ gbálẹ̀ ibi tẹ́ ẹ ti ń dáná, kẹ́ ẹ sì gbé gárawá omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí ìkòkò. Ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ, kẹ́ ẹ kìlọ̀ fún bàbá wọn náà, torí ẹni tó máa ń sọ pé òun kàn fẹ́ wò ó fìrí, àgbà ló sábà máa ń jẹ́. Afẹ́fẹ́ tútù tó bá wọlé kí kéèkì tó dì, àárín ẹ̀ á wọlẹ̀. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ẹ lè yọjú sí i. Bó bá ti dìde àmọ́ tí orí ẹ̀ ṣì funfun, ẹ gbé ẹyin iná díẹ̀ sórí ọmọrí, kó wà níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, orí ẹ̀ á pọ́n bíi tòyìnbó. Ẹ fẹ́ eérú kúrò lórí ọmọrí kẹ́ ẹ tó ṣí i o. Àwọn tó ń lo gáàsì ò lè ṣe èyí, orí kéèkì tiwọn á funfun díẹ̀, kò dí adùn lọ́wọ́, ẹ dojú ẹ̀ dé kẹ́ ẹ tó gbé e fálejò.

Láàárín ìṣẹ́jú àádọ́ta sí àádọ́rin ló máa ń jinná, ó kù sọ́wọ́ iná yín. Ẹ ṣẹ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ tuntun kan, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi gún àárín kéèkì débi ìsàlẹ̀. Bó bá jáde tí nǹkan tútù lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ dé e padà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá jáde gbígbẹ, tàbí pẹ̀lú ẹyọ èérún kan méjì, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má ní kó tún dúró díẹ̀ kó lè dá yín lójú, ìṣẹ́jú mẹ́wàá àfikún yẹn ló ń gbẹ kéèkì. Bí ìsàlẹ̀ bá jó, ẹ fi ọ̀bẹ gé e kúrò, ìgbà míì kẹ́ ẹ fi iyanrìn kún un. Bí àárín bá wọlẹ̀ tẹ́ ò sì ṣí i, ó ṣeé ṣe kí béékìn páúdà ti pọ̀ jù, tàbí kó má tíì jinná. Bí orí ẹ̀ bá là gbàgà, iná ti le jù níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ mi ò mọ ẹni tó kọ kéèkì sílẹ̀ torí pé ó là.

Ẹ fi í sínú páànù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wá yọ ọ́, kẹ́ ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ bò ó, eruku ọyẹ́ ò mọ kéèkì yàtọ̀ sí tábìlì. Bó bá ti tutù pátápátá, kò gbọdọ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́ rárá, ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé e mọ́ra. Bẹ́ ẹ bá wé e nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, ooru ẹ̀ á di omi, á hu. Ọjọ́ kejì ló máa ń dùn jù, torí náà kẹ́ ẹ ṣe é lọ́jọ́ kẹtàlélógún, kì í ṣe àárọ̀ Kérésì tí gbogbo èèyàn ń wá ibi tí wọ́n gbé bàtà wọn sí.

Ṣinṣín rọrùn jù ú lọ, ó kàn ń gba ọwọ́ púpọ̀ ni, ìdí nìyẹn tó fi dáa pé kẹ́ ẹ ṣe é nígbà tí àwọn ọmọ ti gba ọlidé. Fùláwà kọ́ọ̀pù mẹ́jọ, ìyẹn bíi kílò kan, ṣúgà kọ́ọ̀pù kan, ẹyin méjì, nọ́tímẹ́gì, iyọ̀ díẹ̀, mílíkì tí kò tó kọ́ọ̀pù kan. Bọ́tà ló ń sọ irú èyí tó máa jẹ́. Ìdajì sáṣẹ́ẹ̀tì á fún yín ní ṣinṣín tó ń ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu, èyí tàwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn, odindi sáṣẹ́ẹ̀tì á fún yín ní èyí tó ń fọ́ fúnra ẹ̀, ti ìyá àgbà nìyẹn, ẹ má fi èyí tó le tọ́ eyín wọn wò. Ẹ fi ọmọ ìka pa bọ́tà mọ́ fùláwà títí tẹ́ ò fi ní rí kóóko bọ́tà kankan mọ́, tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá fún un lọ́wọ́ á dì, bẹ́ ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́ á fọ́. Ẹ wá po ẹyin, ṣúgà àti mílíkì pọ̀, kẹ́ ẹ máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ kó le, kó má lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Bó bá rọ̀ jù á mu òróró bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́.

Níbi tí ọyẹ́ ti ń bá ṣinṣín jà nìyí. Bẹ́ ẹ bá pò ó tán tẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ báyẹn, kí ẹ tó gé ìdajì ẹ̀, ojú ẹ̀ á ti gbẹ, á ti máa sán, bẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ á máa já. Aṣọ tó mọ́ tẹ́ ẹ rì bọmi tẹ́ ẹ sì fún dáadáa ni kẹ́ ẹ fi bò ó, kẹ́ ẹ máa bu ìwọ̀n tẹ́ ẹ lè tẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìgò tí wọ́n ti fọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ igi ìtẹ́yẹ̀fun, mi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa ra èyí tí wọ́n ń tà. Ẹ gé e ní bákan náà, kékeré. Èyí tàwọn ọmọ bá gé ní onírúurú, tó ń jọ ìràwọ̀ tó ń jọ màlúù, ẹ dín in lọ́tọ̀, torí kékeré á ti jó kí ńlá tó jinná.

Ẹ gbé òróró kaná, iná níwọ̀nba. Ẹ ju ẹyọ kan sí i, bó bá rì tó wá dìde láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ pẹ̀lú ìfófòó yíká ẹ̀, ẹ máa dà á sí i. Bó bá pọ́n lójú ẹsẹ̀, iná ti pọ̀, ìta á dúdú, inú á tutù. Ẹ má kó o kún agbada, àwọn èèyàn tó ń kánjú ló ń kó o kún, òróró á tutù, ṣinṣín á mu ún yó. Ẹ máa rò ó láìdúró, kẹ́ ẹ sì kó o jáde nígbà tí àwọ̀ ẹ̀ ṣì fẹ́ kù díẹ̀ sí bẹ́ ẹ ṣe ń fẹ́ ẹ, torí ó ṣì máa ń pọ́n sí i lẹ́yìn tó bá ti kúrò lórí iná. Ẹ tẹ́ ẹ sórí asẹ́ kó tutù pátápátá kó tó wọ ike kọ́sítáàdì. Bó bá wà ní dídé á lò tó ọ̀sẹ̀ méjì láì rọ̀, òun sì ni mo máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn kí wọ́n gbé dání bí wọ́n bá ń kó àwọn ọmọ lọ wo omi gbígbóná àti omi tútù Ìkògòsì lọ́jọ́ kejì Kérésì, kéèkì á ti fọ́ tán nínú mọ́tò.

Ẹ má rò pé kéèkì àti ṣinṣín lè rọ́pò oúnjẹ o. Bẹ́ ẹ bá gbé kéèkì aláràbarà fún àwọn àgbà wa, wọ́n á kí yín, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á wá wojú yín pé uyán mi dà? Iṣu tó ti gbó dáadáa ti wà lọ́jà lásìkò yìí, ó dáa fún gígún. Ohun kan tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni pé ọyẹ́ tètè máa ń mú ojú iyán gbẹ, torí náà kẹ́ ẹ ti gbọ́bẹ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún, kẹ́ ẹ sì dé abọ́ iyán lójú ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti kó o sí i. Fún ìrẹsì ọdún, bẹ́ ẹ bá rí ìrẹsì Ìgbẹ̀mọ, ìyẹn ìrẹsì ìbílẹ̀ wa l'Ékìtì, ẹ fún un láyè, ẹ ṣà á dáadáa torí òkúta, ẹ fọ̀ ọ́ títí, ẹ bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó da omi àkọ́kọ́ nù, kẹ́ ẹ má sì bu omi sí i bíi ti ìrẹsì òyìnbó, ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Òórùn ẹ̀ yàtọ̀, ọbẹ̀ ata díndín ló sì yẹ ẹ́ jù lójú tèmi.

Ó ku iyanrìn inú ìkòkò. Kì í tètè tutù, ó lè tutù lójú kó ṣì máa jó nínú, torí náà ẹ fi ọmọrí dé e, ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé ò lè dé títí di ọjọ́ kejì. Ẹ má dà á sínú náílọ́ọ̀nù lálẹ́ yẹn, á yọ́. Lọ́jọ́ kejì ẹ sẹ́ ẹ, ẹ kó o sínú garawa tó ní ọmọrí, ẹ ṣì máa lò ó fún kéèkì ọdún tuntun.